Ọjọ́ Tí Mẹ́gáfóònù Mi Polówó Oògùn Eku

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe ra mẹ́gáfóònù náà.

Ní Òkè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, àràárọ̀ Sátidé ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa máa ń jáde, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Sístà kan á máa lu agogo, bùrọ́dà kan á kó ìwé àṣàrò kúkúrú dání, èmi á sì máa wàásù. Ìwàásù ò sì rọrùn láàárín àwa ọmọ Òròkí. Mọ́sálásí ń pe ìrun lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì ń jó lápá òsì, bó bá wá di oṣù Ògọ́ọ̀sì, gbogbo ayé á wọ́ tẹ̀lé Arugbá lọ sójúbọ Ọ̀ṣun. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí etí ibí ò gbọ́ rí. Ọdún mẹ́ta tí mo fi pariwo, ọ̀nà ọ̀fun mi ló há.

Ni mo bá wọ kọ̀rọ̀pẹ̀, ó di ọjà Ìgbọ̀nà. Owó mẹ́gáfóònù tuntun ju agbára mi lọ. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn eku ló ní kí n wá ra tòun, torí òun ti ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó fi bọ́tìnnì hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá, ibí lẹ ó tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Pupa yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ohùn mi ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á rẹ́." Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Ìwàásù Sátidé ni mo ti ń gbọ́ lọ́kàn mi.

Ìyá arúgbó kan ni mo dìídì múra ìwàásù ọ̀hún sílẹ̀ fún. Ẹ̀kọ ni Màmá ń tà. Kó tó di pé a jí ló ti ń ro ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n bí agogo wa bá ti dún báyìí, fèrèsé pa dé, gbàà!

Mo dúró síwájú ilé wọn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Sáàmù 34 ni mo mú.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ tọ́ Olúwa wò, kí ẹ sì rí i pé rere ni! Mo ní kí ẹ tọ́ ọ wò!"

Mo fẹ́ fi ohùn kún un. Àtàǹpàkò mi ń táràrà nínú òkùnkùn, ó bà lé pupa.

"Ó JẸ Ẹ́, Ó KÚ!"

Tìlù-tìlù ni o.

"Bàbá ẹ̀ jẹ ẹ́, ó kú! Ìyá ẹ̀ jẹ ẹ́, ó kú! Kò ní dé ẹnu ọ̀nà! Igba náírà péré!"

Sístà alágogo, tó ti dijú tó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, bú sí "Àmín!" Ó tún jan agogo mọ́ ọn. Nígbà tó yá ló ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọ̀tá ìjọ lòun rò pé mo dojú àdúrà kọ.

Mo tẹ pupa lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, òkè ló ń lọ. Mo tì í bọ abẹ́ kóòtù, ló bá dà bíi pé ikùn mi ló ń polówó. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní yóò kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mẹ́gáfóònù nìkan ni kò kú. Ìgbà tí bùrọ́dà fipá yọ bátìrì ni ayé tó dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ọdún mẹ́ta, mi ò rí èrò tó tó báyẹn rí! Màmá ẹlẹ́kọ ló ṣáájú, ₦500 lọ́wọ́.

"Ẹ fún mi ní méjì. Kí ẹ sì wá ṣéńjì mi."

Alhaji kan tó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀ dúró, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ajíhìnrere, tòní yìí mà wọ̀ mí lára o. Èkúté fẹ́ lé mi jáde nílé."

Mo ní n ó tún un ṣe. Mo ní eku wà nínú Bíbélì: nínú 1 Sámúẹ́lì orí 6, nígbà tí àwọn Filísínì ń dá àpótí Olúwa padà, eku wúrà márùn-ún ni wọ́n fi ràn án.

"Tiwọn, wúrà," ni Alhaji wí. "Tèmi, gààrí ló ń jẹ. Oògùn dà?"

Nígbà tí Màmá gbọ́ pé a ò ní, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń jí mi. Ọjọ́ tí mo wá jáde, ẹ ní ẹ ò lọ́jà."

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà sí Ìgbọ̀nà. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ra méjì, mo fi ìwé àṣàrò kúkúrú lé e, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Wọ́n ṣí i. Wọ́n gba oògùn, wọ́n gbé ìwé sórí àpótí, wọ́n bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi.

"Eku wúrà tí o wí lọ́jọ́sí, kí ni wọ́n fi ń ṣe?"

Inú mi dùn. Mo ṣí Bíbélì, mo wú ọ̀fun, mo bẹ̀rẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Rọra. Mi ò dití."