Lẹ́tà Fẹ́ńsì Tó Gba 4 Nínú 10

Fẹ́ńsì tó wà láàárín ilé wa àti ti Bàbá alámùúlégbè wa ga débi pé oòrùn gan-an ní láti tiro kó tó lè yọjú sí fèrèsé ìdáná wa. Ìyàwó mi ní kí n lọ bẹ Bàbá, ká yọ ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kúrò lórí rẹ̀. Mo kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá ní òun ti gbọ́, kí n lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé tíṣà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ta ló tiẹ̀ sọ pé ó fẹ̀yìn tì? Nígbà tí lẹ́tà mi padà dé, báírò pupa ti ro ó bí ẹni ro oko. Gbogbo àmì ohùn tí mo gbé síbi tí kò yẹ ló fa ìlà yí ká. Nísàlẹ̀, níbi tí mo fi sílẹ̀ kó bu ọwọ́ lù, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: “4/10. Tún un kọ. Ta ni yóò sanwó? Ta ni yóò kó àwókù?”

Kí n má purọ́, ìbéèrè tó lórí ni. Ẹni tó bá fẹ́ yí ògiri àjọni padà ló yẹ kó gbé ìnáwó rẹ̀, kó sì tún ohun tó bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì ṣe. Mo tún un kọ. Ó tún ní kí n ya fọ́tò gbogbo ibi tí ògiri náà ti lanu kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún alángbá. Mo yà á. Ó ní fọ́tò náà ṣókùnkùn.

Mo ní, “Bàbá, òkùnkùn yẹn gan-an la tìtorí ẹ̀ ń kọ lẹ́tà, sà.”

Kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní kí sàfíyọ̀ wá wọn ilẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá àwa méjèèjì la ni ògiri náà lóòótọ́. Èmi ni mo sanwó sàfíyọ̀ o! Ó na téèpù, ó wá òpó ààlà láàárín koríko, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó ní òun ti rí i: láti ìpìlẹ̀ dé òkè, orí ilẹ̀ Bàbá ni fẹ́ńsì náà dúró sí. N kò ní búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo níbẹ̀.

Bàbá fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lórí, ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé fẹ́ńsì náà ga sí i. Ògiri rẹ̀ ni, kò bi mí léèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni bíríkìlà máa dúró sí kó tó lè rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ló ń tọrọ àyè fún. Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó máa kó àwókù wà níbẹ̀. Èmi náà ti mú báírò pupa dání. Mo kà á, mo tún un kà, kò sí àmì ohùn kan tó ṣìnà. Mo bu ọwọ́ lù ú.

Ní báyìí, ọ̀sán gangan la ń tanná dáná. Ìyàwó mi ní kí n tún kọ̀wé bẹ Bàbá. Mo ní kó jókòó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, bóyá òun á gbà ju 4 lọ.