Ẹni tó lo abẹ́rẹ́ ni kó jù ú nù

Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù nínú iṣẹ́ pàǹtírí ilé ìwòsàn ni pé èyí tí a bá ti dà pọ̀ kò ṣeé ṣà mọ́. Lójú ẹsẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó lo nǹkan náà, ni kí ó ti bọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ de agbálẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá náà, òun ni abẹ́rẹ́ yóò sì gún.

Nǹkan bí 85 nínú 100 pàǹtírí wa ni kò léwu: bébà, páálí, ìyókù oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí báńdéèjì ẹlẹ́jẹ̀ kan bá bọ́ sáàárín wọn, gbogbo ọ̀rá náà ti di eléwu nìyẹn. Nínú ìlànà WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọ̀rá dúdú wà fún pàǹtírí lásán, yẹ́lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara kàn, búráùn fún kẹ́míkà àti oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọ̀ lè yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Abẹ́rẹ́ ló ń gba àkíyèsí jù. Ẹ má dé ìdérí rẹ̀ padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ọwọ́ yọ ọ́ lára sìríǹjì. Tòun ti sìríǹjì ni kí ẹ jù ú sínú àpótí líle tí nǹkan kò lè gún yọ. Bí àpótí bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pa á dé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á máa fi ọwọ́ tì í wọlé, ẹnu abẹ́rẹ́ tó ti wà níbẹ̀ á sì gún wọn. Ẹ má dà á sínú òmíràn láé. Lójú tèmi, àpótí kékeré méjì nítòsí ibùsùn sàn ju ńlá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ, torí pé bí àpótí bá jìnnà, orí tábìlì tàbí inú àpò aṣọ ni abẹ́rẹ́ ń sùn.

Bó bá gún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, ẹ má sì da bílíìṣì sí i. Ẹ lọ sọ lójú ẹsẹ̀: oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ti yá tó ló dára tó.

Ọ̀rá náà kò gbọdọ̀ kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ẹ so ọrùn rẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ sí i, ẹ gbé e jìnnà sí ẹsẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀. Níbi tí ooru ti pọ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ ní ìpamọ́.

Ohun tí lábù fi gbin kòkòrò àìsàn ni kí wọ́n fi autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi oru gbígbóná pa kòkòrò, sè kó tó jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá so ọ̀rá rẹ̀ pinpin, oru gbígbóná kò ní wọlé, kòkòrò kò sì ní kú. Ẹ má sun tẹmómítà tó ní mercury (irin olómi) nínú, ẹ má sì sun agolo tí afẹ́fẹ́ há sí: èfín àkọ́kọ́ ní májèlé, èkejì á bú gbàmù.

Agbálẹ̀ àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ pàǹtírí náà yẹ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B (àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri), ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko, àti ibọ̀wọ́ tó nípọn pẹ̀lú bàtà tó bo ẹsẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.