Ẹ wo ẹnu táyà yín kí ẹ tó náwó sí nǹkan mìíràn

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí inú ṣì ń bí mi, torí tí inú bá rọ̀ tán, ẹ̀rín ni n ó máa fi rín, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ kò sì ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ onítáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ní Èkó, ẹ̀yin náà lẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: ìdájí Sátidé, láti Ìkòyí gba orí afárá bọ́ sí Lẹ́kí, tàbí kẹ́ ẹ gba Third Mainland kọjá kí dánfó tó jí. Owó tá a ń ná sí i kò sì kéré. Akoto, ìbọ̀wọ́, dígí ojú, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, ṣòkòtò tó há mọ́ itan. Mo ní gbogbo ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n rà kò tó orí ọmọ-ìka, òun ló sì dá mi dúró sórí afárá.

Ẹ lọ wo ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà yín. Bó bá nípọn bíi ti mọ́tò, Schrader nìyẹn. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, tó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, Presta nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ eré tó ń ti Yúróòpù wọlé, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ ì báà jẹ́ tuntun, Presta ló sábà máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fọkanáísà tó wà ní kọ́nà àdúgbò yín ńkọ́? Schrader nìkan ni rọ́bà afẹ́fẹ́ tirẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ fún mi mọ èyí dáadáa. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jíà, ó bá mi sọ̀rọ̀ ìjókòó, ó tún fẹ́ ta ìgò omi fún mi. Kò mẹ́nu ba ẹnu táyà.

Erékùṣù ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti kọjá Adékúnlé, èéfín Mákòkó ti wà lẹ́yìn, nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ mi. Afárá Third Mainland lódindi gùn tó kìlómítà 11.8, láti Adékúnlé títí dé Oworo kò sì síbi téèyàn lè gbà sọ̀ kalẹ̀: ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọkọ̀ lósì. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri afárá, mo yọ táyà, mo ti ìka bọ inú rẹ̀, mo ń fi orí ìka tọ́ ọ yíká jẹ́jẹ́. Wáyà ni. Irú èyí tó máa ń já sílẹ̀ lára táyà tírélà tó bá bẹ́, tó tínrín ju abẹ́rẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́ láì yọ wáyà yẹn, á tún gún un. Ìka mi kò rí i mú, eyín ni mo fi fà á yọ, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí títì tó wà lára rẹ̀.

Mo ní túùbù mìíràn lápò. Mo sì ní pọ́ǹpù (mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń múra láti béèrè). Pọ́ǹpù kékeré tó ń wọ àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù, ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni. Mo gbé e sẹ́nu túùbù, mo fà á, mo tì í, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde: fíì, fíì. Rọ́bà inú ẹnu rẹ̀ ti gan. Mo fi itọ́ sí i, mo fi àtàǹpàkò dì í mú, mo tún fà á títí apá mi fi ń gbọ̀n. Bí mo bá tẹ táyà, ó ṣì ń rọ̀ wọlé. Tírélà kan kọjá, afárá mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ lè má mọ̀ pé ó ń mì o, ẹni tó bá dúró lé e lórí ló mọ̀. Kọ̀ńdọ́ tó so rọ̀ lẹ́nu dánfó kan ké sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí lẹ fẹ́ kú sí ni?” Oòrùn ti yọ nígbà náà, ọkọ̀ ti ń pọ̀, wọ́n sì ń sáré bí wọ́n ṣe máa ń sáré níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló kù. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi kì í sì í ṣe bàtà ìrìn. Èyí tó ní ike ńlá lábẹ́ tó ń há mọ́ pẹ́dà, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀tì mẹ́ta dè mọ́ ọn, téèyàn bá fi rìn lórí kọnkéré, á máa yọ̀, á máa dún kó, kó, kó. Mo bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ti kẹ̀kẹ́ dé Oworo, ojú mi ò kúrò lẹ́yìn.

Bàbá fọkanáísà kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo kí i, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní afẹ́fẹ́.” Ó tẹ̀ ba, ó wo ẹnu túùbù títí. “Ọmọ mi, èwo tún nìyí?” Ó gbé tirẹ̀ lé e, kò mú. Ó wé ọ̀rá mọ́ ọn, kò mú. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ tó lè gbé tírélà ń bẹ nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tí èmi ń wá kò sì ríbi wọlé. Nígbà tó fi agbára tẹ̀ ẹ́, irin tín-ín-rín tó wà lórí ẹnu náà wọ́. Ó dìde, ó ní, “Ẹ̀ẹ́yà. Èyí kì í ṣe ti ibí.” Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ti orí afárá lọ. Ṣé ẹ rí i, mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́ o.

Ọmọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bọ̀ ló dúró. Ó yọ idẹ kékeré kan jáde, Bàbá lẹ túùbù àkọ́kọ́, a fún un ní afẹ́fẹ́, mo gba ilé lọ.

Idẹ kékeré yẹn ni mò ń sọ. Adapter ni wọ́n ń pè é. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí Presta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde, ẹ wá yí idẹ náà mọ́ ọn lórí. Ó ti di ẹnu mọ́tò nìyẹn, fọkanáísà èyíkéyìí lè fún un. Ẹ sọ fún un kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí túùbù wa kéré, ẹ̀rọ wọn sì lágbára, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ́. Ẹ sì mọ iye tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 70 lórí táyà mílímítà 28 lè gba nǹkan bí 75 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó), ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ́ ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹni tó ń fún mọ́tò ní 32 látàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ní 75, á rò pé ẹ ń bá òun ṣeré ni. Ẹ má ṣàlàyé púpọ̀, ẹ ṣáà ní kó fún un.

Àwọn kan á ní kí n kúkú ki túùbù onẹ́nu mọ́tò bọ̀ ọ́. Kò lè wọ̀. Ihò tó wà lára rímù Presta kò ju mílímítà 6 àti díẹ̀ lọ, Schrader ń fẹ́ 8 àti díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi dírìlì gbẹ́ ẹ fẹ̀. Èmi ò ní ṣe é sí rímù tẹ́ẹ́rẹ́ láéláé.

Ẹ̀kọ́ yòókù ńkọ́? Ẹ dán pọ́ǹpù yín wò nílé, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fẹ́ ẹ sí ọwọ́, ẹ fi fún táyà títí yóò fi le gbagidi. Ẹ ra bàtà oníbúlọ́ọ̀tì méjì tí irin rẹ̀ wọnú àtẹ́lẹsẹ̀, tẹ́ ẹ lè fi rìn, kí àwọn tó ń gun òkè ní Faransé máa lo ti búlọ́ọ̀tì mẹ́ta wọn. Tí férémù yín bá gba táyà 28, ẹ fi 23 sílẹ̀: ojú ìsopọ̀ afárá àti irin orí gọ́tà ìlú yìí fẹ̀ ju ohun tí 23 lè dúró lé. Akoto, ẹ wá àmì ààbò EN 1078 (ti Yúróòpù) tàbí CPSC (ti Amẹ́ríkà) nínú rẹ̀, ẹ má sì ra tòkunbọ̀, torí fóòmù inú rẹ̀ máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ò sì mọ ẹni tó ti fi ṣubú lọ́hùn-ún. Ṣòkòtò onífóòmù, ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, yóò bó yín lára. (Màmá mi ní ìhòòhò ni mò ń rìn kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.) Iná ẹ̀yìn, ẹ tàn án kódà lójú ọ̀sán.

Ẹ lè ní gbogbo ìwọ̀nyí kẹ́ ẹ sì ṣì dúró sí Oworo pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nílẹ̀, torí èmi ní púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra kẹ̀kẹ́, ẹ béèrè adapter lọ́wọ́ ọlọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó. Méjì ni kẹ́ ẹ gbà, ọ̀kan lórí ẹnu táyà, ọ̀kan nínú àpò abẹ́ ìjókòó. Kó jẹ́ idẹ, kó má jẹ́ ike, kẹ́ ẹ sì wo inú rẹ̀ bóyá òrùka rọ́bà dúdú kékeré kan wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ jò, ẹ dá a padà fún un.