Trunking tí mo sun ní Bódìjà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a níṣẹ́ wáyà iná kan ní Bódìjà, ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, màmá tó ni ín sì ti búra pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ògiri òun mọ́, pé trunking ni ká lò, ìyẹn páìpù rọ́bà onígun mẹ́rin tó ní ìdérí, tí wáyà máa ń gba inú ẹ̀ lára ògiri. Kò burú. Mo ra mìlímítà 40 lọ́nà 25 fún èyí tó máa gba òkè lọ, mo ra 25 lọ́nà 16 fún èyí tó máa sọ̀ kalẹ̀ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kọ́nà ibẹ̀ tó 16, kọ́nà kan ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan la máa gé ní dígírì 45, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọwọ́ wo ló fẹ́ fi hákìsọ̀ fa ìyẹn tán? Ni mo bá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé filing machine wá, maṣíìnì ọwọ́ tó ń yí díìsì.

Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Díìsì tí wọ́n fi ń gé irin ló wà lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn ò sì léyín, ńṣe ló ń ha nǹkan títí nǹkan ọ̀hún á fi já, ooru ló sì máa ń mú jáde. PVC, rọ́bà tí wọ́n fi ṣe trunking, ò nílò iná kó tó rọ̀ o, bíi 80 dígírì ló ti ń rọ̀, omi tó ń hó lórí sítóòfù gbóná jùyẹn lọ. Ká tó ṣẹ́jú, èéfín ti gba gbogbo ọ́fíìsì, òórùn ẹ̀ ń ta wá lọ́fun (ẹ má fa èéfín yẹn símú o, PVC tó bá ń jóná máa ń tú ásíìdì sáfẹ́fẹ́), ojú ibi tá a gé sì wú bí ètè ẹni tí agbọ́n ta. Ìdérí ò wọlé mọ́. Odindi mẹ́ta ló bàjẹ́.

Bọ̀ọ̀dá kan ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù nísàlẹ̀ ilé yẹn. Ó gòkè wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin oníná, kí lẹ ń sun?"

Ojú tì mí ṣá. Ó ní ká kó trunking tẹ̀ lé òun. Ẹ wò ó, bíléèdì tó wà lórí cutting machine ẹ̀, ínǹṣì 10 ni, eyín 80 ló wà lára ẹ̀, àwọn eyín náà sì fẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀, wọn ò nà síwájú bíi ti bíléèdì igi. Bíléèdì igi tó jẹ́ eyín 24, àlàfo àárín eyín kan sí èkejì ju séńtímítà mẹ́ta lọ, ara trunking sì fẹ́lẹ́ báyìí, tí irú eyín bẹ́ẹ̀ bá dé orí ẹ̀ kì í gé e, ńṣe ló ń já a gbà, á sì fọ́ yángá. Eyín 80, àlàfo ẹ̀ ò ju séńtímítà kan lọ, díẹ̀ díẹ̀ ló ń bù ú jẹ.

Àmọ́ kì í ṣe bíléèdì nìkan. Ó pa ìdérí dé mọ́ trunking, ó gé igi kékeré kan tó bá inú ẹ̀ mu gẹ́lẹ́, ó tì í bọ̀ ọ́ kó má bàa gbọ̀n, ó tún fi pákó pẹlẹbẹ sẹ́yìn ẹ̀ kí bíléèdì lè já sínú pákó yẹn. Ó wá tan maṣíìnì, ó dúró kí ó sáré dáadáa kó tó kan trunking, ó sọ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì dúró lójú kan. Nígbà tó gé e tán kò gbé ọwọ́ sókè! Ó pa maṣíìnì náà, ó dúró kí bíléèdì dákẹ́ pátápátá kó tó gbé e. Èmi máa ń gbé e kíá ni, ìyẹn ló ń jẹ́ kí eyín gbá etí ẹ̀, tí kékeré tó já á sì fò lọ bí òkúta kànnàkànnà. Ẹ wọ gọ́gù tó ń dáàbò bo ojú, ẹ má sì fọwọ́ di kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ gé kúrò mú.

Ojú ẹ̀ dán bíi tilé iṣẹ́. Etí inú nìkan ni mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha, nítorí pé etí mímú yẹn máa ń bó ara wáyà tí ẹ bá ń fà á kọjá. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ṣẹ́kù dán kọ́nà wò ṣáájú o, àwọn tó ń rẹ́ ògiri wa, kọ́nà dígírì 90 tiwọn kì í sábà pé 90. Ibi tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lẹ fẹ́ yọ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, jigsaw (ayùn oníná tí bíléèdì tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀ ń lọ sókè sódò) dáa, ẹ fi bíléèdì irin eléyín wẹ́wẹ́ sí i, ẹ yí bọ́tìnnì tó ń mi ín síwásẹ́yìn sí 0, ẹ má sì jẹ́ kó sáré.

Ohun kan ṣì kù, ẹ má gbé irú maṣíìnì yẹn sórí "I better pass my neighbour". Ó ń jẹ bíi 1,800 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ yẹn ò tó kílówáàtì kan.

Mo ní kí bọ̀ọ̀dá gba nǹkan, ó kọ̀, ó ní kí n kàn bá òun wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí maṣíìnì ń lò, pé ó máa ń gbóná. Mo ṣí i. Wáyà 1.5 ni wọ́n fà sí i, wáyà tín-ín-rín tó jẹ́ ti gílóòbù! Rọ́bà ara ẹ̀ ti dúdú. Mo fa 2.5 tuntun tó nípọn jù ú lọ fún un, inú trunking ni mo gbé e gbà, òun fúnra ẹ̀ ló sì gé e.