Láti Ìbàdàn sí iṣẹ́ data analyst àkọ́kọ́: ohun tí ilé-iṣẹ́ ń wá gan-an

Ìpolówó iṣẹ́ data analyst (ẹni tó ń yẹ dátà wò kí ilé-iṣẹ́ lè fi pinnu nǹkan) fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń to nǹkan jọ rẹpẹtẹ: SQL (èdè tí a fi ń fa dátà jáde látinú táblì), Excel, Power BI àti Tableau (irinṣẹ́ tó ń fi dátà ya àwòrán), Python (èdè kọ̀ǹpútà), “ìrírí ọdún méjì”. Ọmọ tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Pólì Ìbàdàn á kà á dé ìdajì, á sì gbé e jù sílẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wu ẹni tó kọ ìpolówó náà ló kó jọ síbẹ̀, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló máa fi yan ènìyàn: bóyá ẹ lè fi SQL fa ohun tí wọ́n béèrè jáde láìsí àṣìṣe, bóyá ẹ máa ń yẹ dátà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, àti bóyá ẹ lè ṣàlàyé ohun tí ẹ rí fún ọ̀gá tí kò mọ SQL rárá. Bí ẹ bá ní nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n kọ, tí SQL àti Excel sì wà nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn.

“Ọdún méjì” yẹn náà kò yẹ kó dá yín dúró. IT (ìkọ́ṣẹ́) ọdún kan tí àwọn ọmọ Pólì máa ń ṣe láàárín ND àti HND ṣeé kà mọ́ ọn. Ọdún àgùnbánirọ̀ náà ṣeé kà mọ́ ọn, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣe àkọsílẹ̀ kan tí ẹnìkan lò láti fi pinnu nǹkan: oògùn tó ń wọlé tó ń jáde ní ilé ìwòsàn, owó iléèwé tó kù nílẹ̀, ọjà tó ń tà jù.

Iṣẹ́ tí ẹ máa fi hàn

Iṣẹ́ kan tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, tí ẹ sì lè ṣàlàyé láti ìdí dé orí, níye lórí ju ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lọ. Ó ń dùn mí tí mo bá rí owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń ná lórí ìwé-ẹ̀rí nígbà tí wọn ò tíì ní iṣẹ́ kan ṣoṣo láti fi hàn. Dátà àwọn èrò ọkọ̀ Titanic tó wà lórí Kaggle (ìkànnì tí wọ́n ti ń pín dátà), ìlà 891, àwọn agbanisíṣẹ́ ti rí i títí ó ti sú wọn. Ohun tó wà láyìíká wa ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká mú owó oúnjẹ. Ẹ yan oúnjẹ mẹ́wàá, bíi gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, epo pupa, àti ọjà mẹ́rin: Bódìjà, Ọjà Ọba, Ṣàngó, Àpáta. Ẹ máa gba iye owó wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìlà 480 nìyẹn. Ó kéré, ṣùgbọ́n wàhálà tó wà nínú dátà ilé-iṣẹ́ ńlá kò ju èyí tí ẹ máa bá pàdé níbẹ̀ lọ. Ẹ wo ìwọ̀n ná. Kóńgò tí wọ́n kún tó ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí kóńgò tí wọ́n gé orí rẹ̀, kóńgò gàrí kan kò sì wúwo tó kóńgò ẹ̀wà. Bí ẹ bá fi kóńgò wé kóńgò láìmọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, iye tí ẹ máa rí ò ní túmọ̀ sí nǹkankan. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré dání, ẹ wọn kóńgò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi owó kílò kan sí òpó (column) tirẹ̀. Epo pupa ní tirẹ̀, ẹ sọ ọ́ di lítà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ. Ẹnìkan á kọ “Bodija”, ẹlòmíràn á kọ “Bódìjà”, ẹlòmíràn á kọ “bodija mkt” pẹ̀lú àyè òfo lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà á kà á sí. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà ní Ìbàdàn náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú dátà: North East, Northeast, N/E. Ẹ ṣe táblì kékeré kan tó so gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́ orúkọ kan. Ẹ má ṣe máa fọwọ́ tún un ṣe níkọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá yẹ iṣẹ́ yín wò gbọ́dọ̀ lè rí ohun tí ẹ yí padà.

Déètì ló burú jù, torí kì í pariwo. Àwa máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Bí kọ̀ǹpútà yín bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, Excel á ka 03/04/2025 sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lẹ ní lọ́kàn. 25/04/2025 ní tirẹ̀ á dúró bí ọ̀rọ̀ lásán, torí kò sí oṣù 25. Apá kan á ṣì, apá kejì ò ní ṣeé ṣírò, Excel ò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí: 2025-04-03. Nọ́ńbà fóònù náà ń kọ́? Bí ẹ bá tẹ fáìlì CSV (dátà tí wọ́n fi kọ́mà pín) lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí ní Excel, 0803 á di 803. Nọ́ńbà tó bá gùn ju díjíìtì 15 lọ, Excel á sọ èyí tó kù lẹ́yìn di òdo, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà ìsanwó máa ń gùn. Ẹ gba Data, From Text/CSV wọlé, kí ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó kó o wọlé.

Ẹ kíyè sí ìdá àárín pẹ̀lú. Ká ní iye márùn-ún tí ẹ gbà ni ₦1,400, ₦1,450, ₦1,500, ₦1,500, tí ẹni tó kọ ìkarùn-ún sì fi òdo kan kún un tó fi di ₦15,000. Average (àpapọ̀ wọn tí a pín sí márùn-ún) á jẹ́ ₦4,170, owó tí ẹnikẹ́ni ò tà á. Median (iye tó bọ́ sí àárín bí ẹ bá tò wọ́n láti kékeré sí ńlá) á ṣì jẹ́ ₦1,500. Ẹni tó bá lè sọ ìdí tí òun fi yan ọ̀kan nínú méjèèjì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó kọ̀wé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi iye tí ẹ rí wé Selected Food Prices Watch tí National Bureau of Statistics (àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀) ń gbé jáde. Ìdá àárín ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọjà mẹ́rin láàárín ìlú ni tiyín, nítorí náà wọn ò ní bára mu pátápátá. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí GitHub (ìkànnì tí a ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí) pẹ̀lú README (fáìlì àlàyé) tó sọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ dáhùn, ibi tí dátà ti wá, ohun tí ẹ tún ṣe, ohun tí ẹ rí, àti ohun tí dátà náà ò lè sọ. Power BI Desktop ò gbowó, àmọ́ orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́, Gmail ò sì ṣeé fi forúkọ sílẹ̀ láti gbé iṣẹ́ sórí Power BI Service (Power BI orí íntánẹ́ẹ̀tì). Ímeèlì iléèwé tàbí ti ibi iṣẹ́ ló ń gbà. Tableau Public kò ní wàhálà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló lè rí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má fi orúkọ tàbí nọ́ńbà àwọn ìyá ọlọ́jà síbẹ̀ láéláé. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023, ilé-iṣẹ́ tó bá sì rí i pé ẹ tú àṣírí ẹlòmíràn síta ò ní gbé dátà àwọn oníbàárà rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

CV

Ojú ìwé kan, PDF, láìsí fọ́tò, láìsí ẹ̀sìn tàbí ìlú abínibí. Ẹ má pín ojú ìwé náà sí méjì lóròó, ẹ má sì fi táblì sí i, torí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ka CV máa ń da ọ̀rọ̀ òsì pọ̀ mọ́ tọ̀tún. Àwọn àmì tó ń sọ pé “SQL 80%” ò nítumọ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Dípò kí ẹ kọ pé ẹ mọ Excel dáadáa, ẹ kọ pé ẹ kó ìlà 480 jọ láti ọjà mẹ́rin, ẹ sọ kóńgò di kílò, ẹ sì fi PostgreSQL (ètò kan tó ń lo SQL) ṣírò bí owó ṣe ń yí padà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìtọ́kasí GitHub sí òkè, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn láti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ Ìbàdàn síbẹ̀ láìfi pa mọ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọ́fíìsì Èkó lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, ẹ béèrè iye ọjọ́ náà kí ẹ tó dé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin wà láti Mọ́níyà, ṣùgbọ́n lílọ bíbọ̀ ojoojúmọ́ á jẹ yín lára àti lápò.

Ìdánwò SQL

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń já, kì í sì í ṣe torí pé wọn ò mọ SQL. Query (àṣẹ SQL) wọn ń ṣiṣẹ́, èsì ló ṣì. Ká ní wọ́n fún yín ní táblì oníbàárà àti táblì ìsanwó, kí ẹ mú gbogbo oníbàárà jáde pẹ̀lú iye tí wọ́n san ní oṣù kìíní, títí kan àwọn tí kò san kọ́bọ̀. Ká ní ẹ wá lo LEFT JOIN (tó ń so táblì méjì pọ̀ láìyọ ìlà kankan kúrò nínú táblì àkọ́kọ́), tí ẹ sì fi déètì ìsanwó sí WHERE (apá tó ń yan ìlà tó máa jáde). Àwọn tí kò san nǹkan ti sọnù nìyẹn, torí NULL (òfo) ni déètì wọn, WHERE ò sì ní gba NULL wọlé. Inú ON (apá tó ń sọ bí táblì méjèèjì ṣe so pọ̀) ló yẹ kí déètì náà wà.

Bí táblì fóònù bá ní ìlà méjì fún oníbàárà kan, tí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ ìsanwó, ₦5,000 tó san á di ₦10,000 nínú SUM (àpapọ̀). Ẹ máa ka iye ìlà kí ẹ tó so táblì pọ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ so ó tán. Kò ní gbà yín tó ìṣẹ́jú kan. NOT IN, tó ń wá ohun tí kò sí nínú àkójọ, ò ní mú nǹkankan jáde bí NULL kan ṣoṣo bá wà nínú àkójọ tí ẹ fi fún un. NOT EXISTS ló dáa. COUNT(*) ń ka gbogbo ìlà, COUNT pẹ̀lú orúkọ òpó máa ń fo NULL. Ní PostgreSQL, 7/10 jẹ́ 0, àfi tí ẹ bá kọ 7.0/10, ìdí nìyẹn tí ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn kan fi máa ń jẹ́ òdo láti òkè délẹ̀.

Àkókò tún ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fi UTC (àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé) pa dátà mọ́, àkókò tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú. Owó tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ ní 00:30 ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 23:30 ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni táblì á pè é. Bí òpó bá ní wákàtí nínú, BETWEEN '2025-01-01' AND '2025-01-31' á gé ọjọ́ 31 dànù lẹ́yìn 00:00. Ẹ kọ déètì >= '2025-01-01' AND déètì < '2025-02-01'. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ń dán yín wò, kódà bí kò béèrè.

Aago ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró bí iná bá lọ. Ẹ gba láptọ́ọ̀pù àti fóònù lágbára kún, kí ẹ ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó ní dátà. Fún ìgbáradì, PostgreSQL tàbí SQLite orí láptọ́ọ̀pù ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wọlé. SQLite ló fúyẹ́ jù fún kọ̀ǹpútà tí kò lágbára.

Bí wọ́n bá fún yín ní iṣẹ́ ṣe nílé, èsì ni kó ṣáájú, ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é á tẹ̀ lé e. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fojú bù. Bí ẹ bá ní kí AI bá yín kọ query, ẹ rí i pé ẹ lè ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n á ní kí ẹ yí nǹkan kan padà lójú wọn.

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: “Ìsanwó lánàá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìjẹta. Kí lẹ máa wò?” Ẹ má sáré dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá dátà àná ti wọlé tán. Ẹ béèrè irú ọjọ́ tó jẹ́: Sátidé, ọjọ́ Iléyá, ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé? Ẹ yà á sọ́tọ̀ bóyá àwọn tó gbìyànjú láti sanwó ló dín kù, tàbí iye ìgbìyànjú kò yí padà àmọ́ èyí tó yọrí ló dín kù. Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ pín in sí báǹkì kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀dà áàpù kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ ni ibi tó ti bàjẹ́ á ti yọjú.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó gbà yín, ẹ sá fún un. OTP ò sí lára ìwé ìgbanisíṣẹ́ láéláé. Bí wọ́n bá wá fún yín níṣẹ́, ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín, mẹ́wàá ni ti agbanisíṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àtilé ṣe, ẹ béèrè ẹni tó ń ra dátà íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù. Kí ẹ sì béèrè bóyá analyst àgbà kan wà níbẹ̀ tí á máa ka query yín kó tó dé ọwọ́ ọ̀gá. Bí ibi méjì bá pè yín, tí ọ̀kan ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ sì kéré díẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ lọ.