Mo ti dárí jì wọ́n

Ìyá kan tó kó owó àjọ wa jẹ ló kó owó iléèwé àwọn ọmọ mi lọ. Látìgbà náà, bí mo bá ti gbóhùn wọn láàárín ẹgbẹ́ akọrin, inú mi á máa ru. Ohun tí wọ́n ṣe kò kéré o! Ṣùgbọ́n Hébérù 12:15 kò jẹ́ kí n sinmi: gbòǹgbò ìkorò a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Àwọn ọmọ mi gan-an ti ń yẹra fún àwọn ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ìsìn lónìí, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ akọrin. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ìsìn, mà. Mo ti dárí jì yín.” Ọwọ́ wọn gbọ̀n, aṣọ já bọ́. Mo bá wọn ṣà á. Ilé wa ni àwọn àti ọkọ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn á ti jẹun lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.