Kí Ẹ Tó Pe Ilẹ̀ Ní Òfo: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Iṣẹ́ Ètò Ìlú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ètò ìlú, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ìkòròdú tí mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ ni pé wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọn ilẹ̀, kí ẹ tó fi tépù wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo gbàgede kan tí mo mọ̀ lẹ́yìn ọjà. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan kò ní rí ju eruku àti ewúrẹ́ lọ, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òfo ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ bọ̀ láti abúlé ti sọ ẹrù níbẹ̀, wọ́n ti pín in fún àwọn alágbàtà, wọ́n sì ti gbálẹ̀. Ìwọ̀nba èèpo ẹ̀gẹ́ tó kù lẹ́bàá ògiri ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n wá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé a fi òkúta méjì sàmì sí ojú gọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ojú títì ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn máa bọ́ sí, súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ á sì tún le sí i. Òrùlé, omi, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ibẹ̀ nílò.

Àwọn ilẹ̀ kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àbàtà etí ọ̀sà ló ń gba omi òjò tí ì bá wọlé wa. Abẹ́ wáyà iná ńlá kì í ṣe ibi ilé rárá. Àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ mọ ìwúlò rẹ̀ jù wá lọ.

Àyè tí ó ṣófo ní tòótọ́ sábà máa ń ní orúkọ àti ògiri. Ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, ìjọba amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní 1882. Nígbà tí wọ́n wó o, ilẹ̀ náà di ààtàn, títí ayàwòrán-ilé Theo Lawson fi yà á ní àwòrán tuntun, tí wọ́n sì ṣí i ní 2010 gẹ́gẹ́ bí Freedom Park. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ tẹ́lẹ̀ ni orí ìtàgé wà báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí níbẹ̀ ni pé owó ẹnu-ọ̀nà àti oúnjẹ tí wọ́n ń tà wà fún ìtọ́jú rẹ̀.

Ní Ìkòròdú, bí a bá ń wá irú àyè tó ṣófo bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni mo máa kọ́kọ́ ronú kàn. Ó ń dun mí pé wọ́n a tì í pa láti ọ̀sán Ẹtì di àárọ̀ Ajé, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń ta tápólì dí títì láti ṣe ìnáwó. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, baálẹ̀ àti ìyálọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀, kí gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú: ta ni yóò ṣílẹ̀kùn, ta ni yóò san owó iná, ta ni yóò gbálẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé láàárọ̀ Ajé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ra ọ̀dà tí ẹ máa fi kun gbọ̀ngàn náà.